A fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ sí abúlé kan ní Faransé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí èmi àti bàbá ìbejì ti ń se oúnjẹ òde ní London: ìkómọ, ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí àwọn àgbà. A ò rí nǹkan kan kó jọ, owó ilé ló ń kó gbogbo ẹ̀ lọ. Lóṣù kẹjọ tó kọjá la lọ sinmi ní Creuse, la bá rí ilé olókùúta kan tí wọ́n lẹ "À vendre" (títà ni) mọ́, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé gan-an. Ilé oúnjẹ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, yàrá mẹ́rin wà lókè. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti tì í pa. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí tábìlì mẹ́jọ, wọ́n da àga dé orí wọn, kàlẹ́ńdà ọdún ìgbà yẹn ṣì wà lára ògiri. Iye tí wọ́n ń pè é kò tó kéèyàn fi ra gáréèjì ní Peckham.

Ìwé ìrìnnà Bírítéènì ni gbogbo wa ní. Faransé tèmi kò kọjá bonjour. Ti bàbá ìbejì sàn díẹ̀ torí ó gbé Cotonou rí. Àmàlà, ìyán, jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹ̀fọ́ rírò la fẹ́ máa tà. Àwọn ìbejì ti pé ọdún méje. Màmá mi á ti Ìbàdàn wá bá wa dúró ní kíṣìnì. Ẹ jọ̀ọ́, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Kétu, Lot

Ẹ kú ètò. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Láti January 1, 2021, bó bá ti di ọ̀rọ̀ pé kẹ́ ẹ jókòó síbí kẹ́ ẹ máa ṣòwò, ìwé Bírítéènì yín ò sàn ju ìwé Bẹ̀nẹ̀ tèmi lọ. Ẹ lè ra ilé o, kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró. Àmọ́ ilé kì í fúnni níwèé ìgbélùú. 90 ọjọ́ nínú 180 lẹ ṣì máa lò kẹ́ ẹ tó padà. Àwọn kan á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi físà visiteur, ti àlejò, wọlé ná, pé tẹ́ ẹ bá débí ẹ ó tún un ṣe. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tó gba visiteur ti fọwọ́ sí i pé òun ò ní ṣiṣẹ́ kankan. Físà entrepreneur, ti oníṣòwò, ni kẹ́ ẹ béèrè, láti London níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó palẹ̀ ẹrù mọ́. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ ètò òwò yín sílẹ̀, èló lẹ máa ná, èló ló máa wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ hàn nínú ẹ̀ pé ohun tó máa kù sí yín lọ́wọ́ kò ní dín ní SMIC, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù tí òfin ibí fọwọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá dé tán, oṣù mẹ́ta lẹ ní láti fìdí físà náà múlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ tún gbọ́ èyí: tí ẹni tó ń ta ilé náà bá ń fi Licence IV, ìwé àṣẹ ọtí títà, ṣe fáàrí fún yín, tó ní torí ẹ̀ lòun ṣe fowó lé e, ẹ rọra. Licence III àti IV, tí í ṣe ti báà, ní òfin tiwọn nípa ọmọ ìlú wo ló lè gbà á. Ẹ bi mairie, ọ́fíìsì ìjọba abúlé, kí wọ́n dáhùn lórí ìwé. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ nílò ẹ̀. Petite licence restaurant ti tó ẹni tó kàn fẹ́ gbé wáìnì àti bíà kalẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ.

Oṣù kẹjọ lẹ rí abúlé yẹn, àbí? Kò sí abúlé tí kò rẹwà lóṣù kẹjọ. Ẹ padà lọ lóṣù kejì, kẹ́ ẹ lọ wo iye fèrèsé tí iná ń tàn nínú ẹ̀ láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Alákàrà, Corrèze

Bàbá Kétu ti sọ tìwé. Ẹ jẹ́ n sọ tìkòkò. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń dáná níhìn-ín.

Àǹtí mi, abúlé yẹn ò wá ilé oúnjẹ Áfíríkà. Ibi tí wọ́n á ti mu kọfí láago méje ni wọ́n ń wá, ibi tí wọ́n á ti ra búrẹ́dì, ibi tí bíríkìlà á ti jẹun ọ̀sán. Ní 1960, nǹkan bíi 200,000 káfé ló wà ní gbogbo Faransé; lónìí wọn ò tó 40,000 mọ́, abúlé ló sì jìyà ẹ̀ jù. Àwọn èèyàn ń wakọ̀ ogún ìṣẹ́jú láti lọ mu kọfí. Ẹ kọ́kọ́ di ìyẹn fún wọn ná.

Èmi ò mọ̀ nígbà tí mo dé. Mo fi ọ̀dà yẹ́lò kọ "Restaurant africain" gàdàgbà sára ògiri, mo ro àmàlà, mo jókòó. Wọ́n wá lóòótọ́. Gbogbo abúlé ló wá, ẹ̀ẹ̀kan ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní ó dùn gan-an, wọ́n lọ. Ó di oṣù kẹta kí n tó tún rí wọn. Ọkùnrin kan tó ń kan òrùlé ló wá bi mí pé ṣé mi ò lè máa se menu ouvrier ni. Mo ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Ó ṣàlàyé fún mi: oúnjẹ ìbẹ̀rẹ̀, oúnjẹ gidi, wàràkàṣì tàbí nǹkan dídùn, wáìnì ìdá kan nínú mẹ́rin lítà kan, kọfí, gbogbo ẹ̀ ní iye kan ṣoṣo tí kò gbọ́dọ̀ yí padà. Aago méjìlá ni wọ́n ń wọlé. Méjìlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ṣófo. Méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí àga. Aago kan kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ti lọ. Tí oúnjẹ yín bá pẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n á fojú fo ó. Tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ò ní rí wọn mọ́.

Mo wá kọ́ tiwọn: blanquette, ẹran nínú ọbẹ̀ funfun, àti petit salé, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tó ní ẹ̀wà lentille nínú. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún tiwa. Mo bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìyẹ. Ẹ̀fọ́ rírò, mo pè é ní épinards, orúkọ ẹ̀fọ́ tiwọn, kò sẹ́ni tó bá mi jà. Jọ̀lọ́ọ̀fù tí mo dín ata ẹ̀ kù débi pé ìyá mi ì bá sunkún. Ata tòótọ́ wà nínú abọ́ kékeré lórí tábìlì, ẹni tó bá láyà kó bù ú. Ní báyìí, ẹni tí kò bá tíì pè mí nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò lè ráyè lọ́jọ́bọ̀.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Mo rò pé ṣàkì lá máa lé wọn sá, mo ń fi pamọ́. Irọ́ ni! Ní Cantal àti Aveyron, tripoux ni wọ́n ń jẹ ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí sì ni tripoux bí kò ṣe ìfun àti ṣàkì àgùntàn tàbí ti ọmọ màlúù tí wọ́n ká tí wọ́n so? Wọ́n ń jẹ orí ọmọ màlúù. Wọ́n ń jẹ ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ bí àwa ṣe ń jẹ bọ̀kọ́tọ̀. Ní Dordogne, ìwe pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń dà sórí sàláàdì, obìnrin ń jẹ ẹ́, ọmọdé ń jẹ ẹ́, kò sí bàbá kankan tó ń béèrè ìwe tirẹ̀. Ará Paris ló ń bẹ̀rù ìfun. Ará abúlé, ata nìkan ló ń bẹ̀rù.

Àgbẹ̀ kan wà tó máa ń wá, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Kì í lo ọ̀bẹ mi. Á yọ tirẹ̀ lápò, á ṣí i, á fi búrẹ́dì nù ún. Tó bá ti pa á dé, oúnjẹ parí nìyẹn, ẹ má gbé nǹkan kan wá mọ́. Lọ́jọ́bọ̀ kan mo se ọbẹ̀ ata ẹran ewúrẹ́. Ó lá a dé ìsàlẹ̀, omi díẹ̀ ló kù. Ó wá bu wáìnì pupa lé e lórí, ó yí abọ́ náà, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e dẹ́nu. Chabrol ni wọ́n ń pe ìyẹn níbí, ọbẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ràn ni wọ́n ń ṣe é sí. Mo wọ kíṣìnì lọ, mo fi aṣọ nujú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá máa ta àkàrà, ẹ múra: wọ́n mọ accras tí àwọn ará erékùṣù Antilles ń dín, ẹja ló wà nínú ìyẹn. Wọ́n á bù ú jẹ, wọ́n á máa wá ẹja.

Ọ̀gá Oko, Gers

Ìyá Alákàrà, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí ẹni tí kò gbọ́ Faransé lọ kó owó ẹ̀ sínú òkúta. Ọkọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà. Lóṣù keje àti kẹjọ, àwọn abúlé ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn máa ń ṣe ọjà alẹ́: tábìlì gígùn, orin, oníkálukú á ra oúnjẹ á jókòó. Káàdì oníṣòwò tó ń kiri, 30 yúrò ni, ọdún mẹ́rin ló ń lò. Èmi ta jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ yíyan fún ọdún méjì kí n tó gba ṣọ́ọ̀bù, mo ti mọ ẹni tó ń jẹ ata àti ẹni tó ń sọ pé òun ń jẹ ẹ́.

Ìyá Alákàrà, Corrèze

Ọ̀gá Oko, lóṣù kọkànlá ńkọ́? Ta lẹ ta á fún?

Ọ̀gá Oko, Gers

Lóṣù kọkànlá mo lọ ká èso kiwi fún àwọn ará Landes. Mi ò tijú ẹ̀.

Akápò, Limoges

Iṣẹ́ oníṣirò owó ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ n sọ ibi tí ojú àwa èèyàn ti ń rí màbo.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣe micro-entreprise, ìlànà òwò kékeré, torí ó rọrùn. Fún ọkọ̀ Ọ̀gá Oko, ó dáa. Fún ilé oúnjẹ, kò dáa: 12.3% ni wọ́n á gé nínú gbogbo owó tó bá wọlé, kò kàn wọ́n pé ẹ ti fi púpọ̀ nínú ẹ̀ ra ẹran àti gáàsì. Ẹ dá SARL (bíi Limited ti London) sílẹ̀ tàbí irú ẹ̀, kẹ́ ẹ lè yọ ìnáwó kúrò kí wọ́n tó ṣírò. Orí guichet unique, ojúlé kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti àjọ INPI, ni gbogbo ìforúkọsílẹ̀ òwò wà láti January 2023. TVA, ìyẹn VAT, ti oúnjẹ tí wọ́n jẹ níjòókòó jẹ́ 10%, ti ọtí 20%. Ẹ má pa owó TVA pọ̀ mọ́ owó yín, owó ìjọba ni, ẹ kàn ń bá wọn tọ́jú ẹ̀ ni.

Ẹ béèrè nípa FRR pẹ̀lú, ìyẹn ètò ìdínkù owó orí. Òun ló rọ́pò ZRR, irú ètò bẹ́ẹ̀ ti tẹ́lẹ̀, ní July 1, 2024 fún ìgbèríko tí èèyàn ti dín kù. Ilé iṣẹ́ tí kò tó òṣìṣẹ́ mọ́kànlá tó bá kúnjú ìwọ̀n kì í san owó orí lórí èrè fún ọdún márùn-ún, lẹ́yìn náà wọ́n á dín in fún un ní 75%, 50%, 25% fún ọdún mẹ́ta.

Ó kan ọ̀rọ̀ ẹbí. Ní Faransé, ìyàwó tó ń bá ọkọ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ipò lórí ìwé. Nínú yín, ẹni tí kò bá jẹ́ gérant, ọ̀gá ilé iṣẹ́ lórí ìwé, gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan: òṣìṣẹ́ tó ń gbowó, alábàápín, tàbí conjoint collaborateur, ìyẹn ọkọ tàbí aya tó ń ran ẹnì kejì lọ́wọ́. Ti ìkẹyìn yìí kò gba owó oṣù, àmọ́ wọ́n ń san owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún un, kò sì lè kọjá ọdún márùn-ún láti 2022. Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, ẹ ò mú nǹkan kan, òfin á kà á sí òṣìṣẹ́ yín, owó tẹ́ ẹ máa san á wá gòkè.

Owó àjọ àti owó ẹbí: báǹkì á bi yín níbi tó ti wá. Tí ẹ̀gbọ́n bá yá yín ju 5,000 yúrò lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi fọ́ọ̀mù 2062 sọ fún àwọn owó orí. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, a ò kọ̀wé" kì í ṣe èsì níbí.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Háà. Ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ Akápò, ẹ ò sọ ti màmá mi. Ṣé wọn ò wá lè ro àmàlà fún ọmọ wọn ni?

Akápò, Limoges

Wọ́n lè rò ó lókè, kí gbogbo yín jẹ ẹ́ ní àjẹyó. Lọ́jọ́ kan tí àlejò bá ya bò yín, tí màmá dìde tí wọ́n fọ àwo mẹ́ta, ìrànwọ́ ẹbí nìyẹn. Tí wọ́n bá ń dúró nídìí ìkòkò láago mẹ́wàá lójoojúmọ́ pẹ̀lú físà àlejò, iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ni URSSAF, àjọ tó ń gba owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́, máa pè é. Ìtanràn ẹ̀ lè ti ilé oúnjẹ pa. Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà síṣẹ́, ẹ ṣe DPAE, ìfitónilétí ìgbàsíṣẹ́, fún un kó tó fọwọ́ kan ṣíbí.

Ọmọ Pobè, Deux-Sèvres

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ni mo ń ra nǹkan fún ilé oúnjẹ wa.

Ohun tí àǹtí yín bá dì sínú àpótí láti Ìbàdàn, ẹ jẹ ẹ́ nílé. Kò gbọ́dọ̀ wọ kíṣìnì tẹ́ ẹ ti ń tà. Àwọn tó ń yẹ ilé oúnjẹ wò á ní kẹ́ ẹ mú rìsíìtì nǹkan kọ̀ọ̀kan wá, pẹja gbígbẹ, pedé, pèlùbọ́. Ẹran àti wàrà láti òkè òkun kì í wọ EU nínú ẹrù èrò rárá. Láti December 14, 2019, èso àti ẹ̀fọ́ tútù ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn, àfi ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn, dúríànì àti déètì. Iṣu ò sí nínú àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà, 2015 ni EU ti dá a dúró torí ọ̀tápíápíá. Èyí tó ti ibòmíràn wá ni kẹ́ ẹ rà fún mọ́ínmọ́ín. Ẹ wá "cornille" tàbí "niébé" lára àpò ẹ̀. Àwọn tó ń tà lọ́pọ̀ ní Paris máa ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí ìgbèríko. Ẹ sọ fún wọn pé facture, rìsíìtì gidi, lẹ fẹ́, kì í ṣe bébà lásán.

Ewúrẹ́ ni ayọ̀ mi. Ewúrẹ́ oníwàràkàṣì ló kún Deux-Sèvres, akọ ọmọ wọn ò sì wúlò fún wọn púpọ̀. Mo bá àgbẹ̀ kan ṣàdéhùn. Àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ pa á lẹ́yìnkùlé o, abattoir, ilé ìpẹran, ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá, kí òǹtẹ̀ wà lára ẹran ẹ̀.

Tẹ̀tẹ̀? Ó ń hù fúnra ẹ̀ nínú oko àgbàdo wọn, koríko ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń fi oògùn pa á. Ẹ gbin tiyín sẹ́yìnkùlé. Ata rodo, ẹ gbìn ín sínú ilé lóṣù kejì, kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ ọ̀rá lóṣù karùn-ún.

Ẹ má gbàgbé pé nǹkan mẹ́rìnlá ló wà tó ń bá ara àwọn kan jà, tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ síta fún oníbàárà. Ẹ̀pà, edé àti ẹja wà nínú ẹ̀. Ẹ wo ọbẹ̀ wa, èwo ni kò ní edé?

Àbúrò Wọn, Cantal

Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. SÓKÀWÉÈ. Ẹ bi wọ́n nípa sókàwéè. Abúlé púpọ̀ ò ní gọ́tà ìjọba, oníkálukú ló ní tirẹ̀, SPANC ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń ta ilé gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé àyẹ̀wò tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Èmi rí ìwé yẹn, mo fọwọ́ sí i, mi ò kà á, Faransé ẹ̀ le. Lẹ́yìn tí mo rà á tán ni mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kò bófin mu, pé ọdún kan ni mo ní láti tún un ṣe. Ti ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún ni, mo sì fẹ́ bọ́ ogójì èèyàn lórí ẹ̀. Gbogbo owó tí mo fẹ́ fi ra sítóòfù ló wọlẹ̀ lọ, ní ti gidi. Àpótí tó ń gba ọ̀rá nínú omi àwo náà tún wà lọ́tọ̀.

Bàbá Kétu, Lot

Ẹ ṣé! Mo tún rántí: ẹ̀kọ́ méjì kan wà tí ẹ ò lè fo. Ti ìmọ́tótó, wákàtí 14. Permis d'exploitation, ti ọtí títà, wákàtí 20, ọdún mẹ́wàá ló ń lò. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sọ fún mairie ó kéré tán ọjọ́ 15 kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Faransé ni olùkọ́ á máa sọ láti àárọ̀ dalẹ́, ìyá ìbejì, nítorí náà òní ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Àwọn ìbejì yẹn, ẹ mú wọn dání tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ rí maire, olórí abúlé.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ̀yin ará, a ti lọ, a ti bọ̀. Oṣù kejì la lọ. Fèrèsé mọ́kàndínlógún ni iná ń tàn nínú ẹ̀, Bàbá Kétu, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

A jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì láti aago mọ́kànlá àbọ̀ dé aago kan fún ọjọ́ mẹ́ta, à ń ka ọkọ̀ funfun àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń kọjá lọ jẹun ní abúlé kejì. Mẹ́rìnlá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mọ́kànlá lọ́jọ́rú. Mẹ́tàdínlógún lọ́jọ́bọ̀. Bàbá ìbejì ní ká má ka ọkọ̀ lẹ́tà, mo kà á.

Maire fún wa ní kọfí. Ó bi wá lọ́jọ́ orí àwọn ọmọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún bi wá kó lè dá a lójú. Wọ́n fẹ́ ti kíláàsì kan pa níléèwé, ọmọ ò pé mọ́. Ó ní tí a bá ń bọ̀, ká jọ̀ọ́ ká dé kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé.

Àbúrò Wọn, Ọlọ́run á bùkún yín. A béèrè ìwé SPANC, bàbá ìbejì jókòó tì í pẹ̀lú díkíṣọ́nárì fún wákàtí méjì. Kò bófin mu. A ti ní kí wọ́n yọ owó ẹ̀ kúrò nínú owó ilé, à ń retí èsì. Màmá mi ní tí wọ́n bá máa wá jókòó lásán láìfọwọ́ kan ìkòkò, àwọn á kúkú dúró sí Ìbàdàn. A ṣì ń bẹ̀ wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń bọ̀, ìyá àgbà kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ kan wíńdò ọkọ̀ wa. Mo ní bonjour kí n tó sọ ìkankan. Ó sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá ìbejì ní ó ń béèrè bóyá àwa la máa máa ta búrẹ́dì. Mo ní kó sọ fún wọn pé a ò tíì mọ̀. Wọ́n mi orí, wọ́n ń lọ, wọ́n tún padà: wọ́n ní tó bá jẹ́ àwa ni, èyí tó bá jó díẹ̀ làwọn ń jẹ, ká máa bá àwọn fi ọ̀kan pamọ́.